Ilé Méjì, Ọdún Mọ́kànlá: Àṣìṣe Àwòrán àti Àṣìṣe Ìtàn Nínú The Sound of Music

Nígbà tí The Sound of Music jáde ní New York ní oṣù Kẹta ọdún 1965, kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan lára àwọn fíìmù olórin tí ayé wò jù lọ. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar márùn-ún. Ti fíìmù tó dára jù lọ wà nínú wọn, ti olùdarí rẹ̀, Robert Wise, náà sì wà níbẹ̀. Àwa tí wọ́n fi dò-re-mí kọ́ ní àmì ohùn níléèwé, orin inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yìí jù náà ló mọ àléébù rẹ̀ jù. Bí wọ́n bá sì ń ka àléébù ọ̀hún, oríṣi méjì ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni èyí tí fíìmù fi ń ta ko ara rẹ̀: ọmọ tó kúrú nínú ìran kan, tó sì ga nínú ìran tó tẹ̀ lé e. Èkejì ni èyí tí fíìmù fi ń ta ko ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé: ìgbéyàwó tó yẹ kó ti wọ ọdún kọkànlá, tí wọ́n sọ di ti àná. Ẹ jẹ́ kí n pe ti àkọ́kọ́ ní àṣìṣe àwòrán, kí n pe ìkejì ní àṣìṣe ìtàn, kí n sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Àwọn kan ń fi ti àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bínú sí ìkejì. Àwọn mìíràn ò ka èyíkéyìí nínú wọn sí. Lójú tèmi, méjèèjì ló yẹ ká wò dáadáa, torí pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ibi tí àṣìṣe àwòrán ti ń wá kò fara sin. Wọn kì í ya fíìmù láti orí dé ìdí bí a ṣe ń wò ó. Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964 ni wọ́n fi ya ti Wise yìí, apá kan ní ìlú Salzburg ní Austria, apá kan nínú sitúdíò Twentieth Century Fox ní Los Angeles. Ìran méjì tó tẹ̀ léra lójú wa lè jẹ́ pé oṣù mélòó kan ló là wọ́n láàárín. Òjò Salzburg tún dá kún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀ di mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀ ọmọdé kì í dúró de kámẹ́rà. Nicholas Hammond, tó ṣe Friedrich, fi nǹkan bí íǹṣì mẹ́fà ga sí i kí iṣẹ́ tó parí. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti ki nǹkan sí bàtà rẹ̀ kó lè ga ju Louisa tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ nínú ìtàn. Nígbà tó yá, Charmian Carr, tó ṣe Liesl àkọ́bí, ló wá ń gun àpótí kí ọmọkùnrin náà má bàa ga jù ú lọ. Debbie Turner, tó ṣe Marta kékeré, eyín ń ká lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń fi eyín àtọwọ́dá dí àlàfo. Nígbàkigbà tí wọ́n bá to ọmọ méjèèje inú ìtàn náà sórí ìlà, ẹni tó fara balẹ̀ á rí i pé gíga wọn kò dúró sójú kan.

Àṣìṣe ìtàn kò dúró de kámẹ́rà rárá; ẹnu àwọn tó ti sọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ ló ti wá. Maria von Trapp kọ ìwé nípa ìdílé rẹ̀ ní 1949. Àwọn ará Jámánì fi ṣe fíìmù méjì, ní 1956 àti 1958. Richard Rodgers àti Oscar Hammerstein gbé e sórí ìtàgé Broadway ní 1959, Ernest Lehman sì sọ ti orí ìtàgé di ti fíìmù. Kò sẹ́ni tí ìtàn náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò gé díẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì fi díẹ̀ kún un. Maria àti Georg von Trapp ṣègbéyàwó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1927. Oṣù Kẹta ọdún 1938 ni Jámánì tó wọ Austria, tó sì gbà á mọ́ ara rẹ̀. Nínú fíìmù, tọkọtaya náà kò tíì ti ìrìn-àjò ìyàwó dé tí Jámánì fi wọlé. Kì í ṣe ọmọ méje ni Maria lọ tọ́jú lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan tára rẹ̀ kò yá ló lọ kọ́ níwèé. Àkọ́bí ilé náà kì í ṣe obìnrin. Rupert ni, ọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí Maria fúnra rẹ̀ ti bí kí wọ́n tó sá kúrò nílùú kò yọjú nínú fíìmù rárá.

Àṣìṣe àwòrán ní ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sanwó fún láti lé e. Akọ̀wé kan máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdarí, ẹni tí àwọn onífíìmù tiwa náà ń pè ní kọntinúítì. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni òṣèré fi di ife mú, bóyá bọ́tìnnì òkè ṣí tàbí ó padé, ibi tí irun já sí, àti ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó yíjú. Bí wọ́n bá padà sí ìran náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa yẹ̀ wò. Nítorí náà, àṣìṣe àwòrán tí a bá rí jẹ́ èyí tó yọ́ kọjá lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́.

Àṣìṣe ìtàn gba iwájú ẹ̀ṣọ́ wọlé, ẹ̀ṣọ́ ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Òǹkọ̀wé fíìmù mọ ohun tó ń yí padà. Ó ní wákàtí mẹ́ta tí kò pé láti fi ìfẹ́ kan, ọ̀tá kan àti ìsáǹsá kan hàn, ọdún mọ́kànlá tí ìdílé fi ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń tọ́mọ kò sì lè wọ inú rẹ̀. Maria fúnra rẹ̀ bẹ àwọn onífíìmù pé kí wọ́n dín líle tí wọ́n fi kun ọkọ òun kù, wọn kò gbà. Lójú Wise, eré ló ń ṣe, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé. Kò yẹ ká pe ìyẹn ní àìbìkítà. Bí kọntinúítì ṣe ń ṣọ́ra kí fíìmù má bàa ta ko ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé ń ṣọ́ra kí ìtàn má bàa tú ká. Ìṣọ́ra ni méjèèjì ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ ibùgbé. Ilé àwọn von Trapp nínú fíìmù kì í ṣe ilé kan. Nígbà tí Maria dé ẹnu géètì tòun ti báàgì àti gìtá rẹ̀, Frohnburg ni ilé tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dà àwọn ọmọ sínú adágún lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ààfin Leopoldskron ni wọ́n wà, ibòmíràn ní Salzburg. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣí ilẹ̀kùn wọ pálọ̀, Los Angeles ló wọ̀ yẹn. Kò sí fèrèsé kan nínú pálọ̀ náà tí ojú lè gbà rí adágún ọ̀hún. Orin Do-Re-Mi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pápá kan ní Werfen, tó tó nǹkan bí 40 kìlómítà sí gúúsù ìlú, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ọgbà Mirabell láàárín ìlú ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Orin kan ṣoṣo ló gbé wọn débẹ̀.

Ní ti àṣìṣe ìtàn, òkè ló dúró sípò ilé. Fíìmù parí síbi tí ìdílé náà ti ń fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè lọ sí Switzerland. Ẹ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú: Switzerland ju 200 kìlómítà lọ sí ìwọ̀-oòrùn Salzburg. Òkè ńlá kan tó wà nítòsí ìlú náà, Jámánì ni ẹni tó bá gùn ún kọjá máa já sí, ní agbègbè Obersalzberg níbi tí Hitler kọ́lé sí. Ọkọ̀ ojú irin ni ìdílé von Trapp wọ̀ ní tòótọ́, ó sì gbé wọn lọ sí Ítálì. Ìdí rẹ̀ ni pé Zara ni wọ́n ti bí Georg, ìlú kan tó bọ́ sábẹ́ Ítálì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìyẹn ló sọ òun àtàwọn ará ilé rẹ̀ di ọmọ Ítálì nínú ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí rèé: Rossfeld, ní Jámánì gan-an, nítòsí Obersalzberg, ni wọ́n ti ya ìran ìparí yẹn. Pápá tí Julie Andrews tó ṣe Maria ti ń yí po bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, ní Mehlweg, ilẹ̀ Jámánì lòun náà. Fíìmù nípa àwọn tó sá fún Jámánì, ilẹ̀ Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì parí sí. Àṣìṣe àwòrán àti àṣìṣe ìtàn jọ dúró lórí òkè kan náà níbẹ̀ yẹn.

Bí a bá dé orí ohùn, àwòrán ló tún kọ́kọ́ ń tàn wá. Wọ́n ti gba ohùn orin sílẹ̀ kí wọ́n tó ya ìran, òṣèré á wá máa la ẹnu tẹ̀ lé ohùn tó ti wà nílẹ̀. Lórí pápá àkọ́kọ́ yẹn, atẹ́gùn hẹlikọ́pítà tó ń ya Julie Andrews ń gbé e ṣubú léraléra, àmọ́ ohùn tí à ń gbọ́ kò mì rárá. Ohùn tiẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn ló kọ ọ́. Ti Christopher Plummer tó ṣe Kapitéènì Georg von Trapp yàtọ̀: ohùn Bill Lee ló ń jáde nígbà tó bá ń kọrin. Peggy Wood, tó ṣe Ìyá Àgbà àwọn sísítà tí Maria wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, Margery McKay ló kọrin fún un. Ẹnu ẹnì kan, ohùn ẹlòmíràn.

Bí a bá dé orí orin fúnra rẹ̀, ìtàn ló ń tàn wá. Níbi àjọ̀dún orin, Kapitéènì kọ Edelweiss láti fi kí ìlú rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Ohùn rẹ̀ há, ìyàwó rẹ̀ gbè é, gbogbo èrò sì dà á pọ̀ bí orin tí ìyá kọ́ wọn láti kékeré. Gbọ̀ngàn Felsenreitschule tí wọ́n ti yà á jẹ́ ojúlówó ibi tí Salzburg ti ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Orin náà ni kì í ṣe ojúlówó orin ìbílẹ̀ Austria. Rodgers àti Hammerstein ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1959 fún Broadway, ó sì wà lára orin tí Hammerstein kọ gbẹ̀yìn kó tó kú ní 1960. Kò sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn yẹn ní 1938 tó lè mọ̀ ọ́n. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ohùn kì í ṣe ti ẹnu tó ń kọ ọ́, orin kì í sì í ṣe ti ìlú tó ń sunkún lé e lórí. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe gbé ara wọn ró tó, tí omi fi ń bọ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ta ló wá ń sanwó àṣìṣe wọ̀nyí? Ti àwòrán, ara òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Ẹ wo Liesl níbi tó ti ń jó pẹ̀lú Rolf, olólùfẹ́ rẹ̀, nínú ahéré onígíláàsì lálẹ́ òjò. Ó ń fò láti orí àga dé orí àga, bàtà rẹ̀ kò ní ohun tó lè di ilẹ̀ mú. Carr yọ̀, ó sì ré lu gíláàsì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ farapa. Wọ́n wé ẹsẹ̀ náà ní báńdéèjì, wọ́n kun ún ní àtíkè kó lè jọ awọ ara, ó sì padà sídìí ijó. Ọmọbìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn là ń wò. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro ló ń jó.

Ti ìtàn, orúkọ ẹlòmíràn ló ń sanwó rẹ̀. Georg von Trapp tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ jẹ́ bàbá onínúure tó ti ń bá wọn lo ohun èlò orin kí Maria tó wọlé. Fèrè tó fi ń pè wọ́n wà lóòótọ́. Líle tí fíìmù so mọ́ fèrè náà ni kò sí. Ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1930, báńkì tí owó ìdílé náà wà dẹnu kọlẹ̀, wọ́n lé ọ̀pọ̀ jù lọ ìránṣẹ́ wọn, wọ́n gba ayálégbé sínú yàrá, orin tí wọ́n ń kọ fún ìgbádùn sì di ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Àlùfáà kan, Franz Wasner, ló ń darí orin wọn, ó sì bá wọn kúrò nílùú. Fíìmù yọ àlùfáà náà, ó fi Max Detweiler tó ń wá olórin kiri rọ́pò rẹ̀. Ó yọ ìṣẹ́, ó fi ọrọ̀ dípò. Síbẹ̀, ká má gbàgbé ohun tó fi sílẹ̀. Ní tòótọ́ ni wọ́n fi ipò lọ Georg nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Jámánì, tó kọ̀ ọ́. Ní tòótọ́ ni wọ́n pe ìdílé náà kí wọ́n wá kọrin níbi ọjọ́ ìbí Hitler, tí wọn kò lọ. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yẹn ni eegun ẹ̀yìn ìtàn náà, fíìmù kò sì ṣẹ́ eegun yẹn.

Àtúnṣe wọn náà kò bára mu. Inú fíìmù ni wọ́n ti ń tún àṣìṣe àwòrán ṣe: àpótí lábẹ́ ẹsẹ̀, àtíkè lórí báńdéèjì, eyín àtọwọ́dá. Bí kámẹ́rà bá ti ń yí, ó di dandan kí àtúnṣe ti parí. Òde fíìmù ni wọ́n ti ń tún àṣìṣe ìtàn ṣe, ó sì máa ń gba ọdún púpọ̀. Agathe, àkọ́bí lóbìnrin nínú ìdílé náà, kọ ìwé tirẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó sì sọ irú bàbá tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Ilé ìgbàlejò tí ìdílé náà dá sílẹ̀ ní Stowe, ní ìpínlẹ̀ Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún àlejò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti fíìmù yìí, òtítọ́ ti bá a, ṣùgbọ́n kò bì í ṣubú. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ ni.

Gbogbo èyí mú wa dé ibi tí ìyàtọ̀ ti ń yọ́. Bí aránṣọ bá ń so aṣọ òfì, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé e, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ìlà aṣọ pàdé kí ojú má bàa rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Iṣẹ́ tí onífíìmù ń ṣe nìyẹn. Ó mú ilé méjì àti pálọ̀ kan tó wà lókè òkun, ó so wọ́n di ilé kan. Ó mú ọdún 1927 àti ọdún 1938, ó so wọ́n di ọdún kan. Ó mú ẹnu Plummer àti ohùn Lee, ó so wọ́n di Kapitéènì kan. Ìwà kan náà ló fi ṣe é nígbà gbogbo. Ojú la fi ń mọ̀ bí ibi ìsopọ̀ bá yẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, a ní kọntinúítì kò ṣọ́ra tó. Ìmọ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n nínú ti ìkejì, a ní òǹkọ̀wé purọ́. Ẹni tí kò mọ Salzburg kò rí ilé méjì. Ẹni tí kò mọ ìtàn Austria kò rí ọdún mọ́kànlá.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí àwọn méjèèjì ti di ẹyọ kan. Nígbà tí Julie Andrews ń kọ I Have Confidence láàárín ìlú, tó ń lọ sílé Kapitéènì, àwọn obìnrin kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ọ̀kan nínú wọn ni Maria von Trapp fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà yẹn. Tí a bá fi òfin àwòrán wò ó, kò yẹ kó wà níbẹ̀, torí Maria kan ti wà níwájú, èèyàn kan kò sì lè rìn lẹ́ẹ̀mejì ní títì kan. Tí a bá fi òfin ìtàn wò ó, kò yẹ kó wà níbẹ̀ náà, torí pé ọ̀dọ́mọbìnrin ni Maria lọ́dún tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn sísítà. Nínú gbogbo ohun tó ń lọ nínú ìran yẹn, òun nìkan ló jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé, òun náà sì ni kò bá òfin méjèèjì mu.

Ohun tí mo rí di mú nínú àfiwé yìí ni pé kò sí èyí tó fúyẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń to àṣìṣe fíìmù olórin kan jọ ń ṣe iṣẹ́ rere, kó má jáwọ́. Kó kàn ya ìwé rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tó tọ́ sí i. Bó bá rí àṣìṣe àwòrán, kó béèrè làálàá ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, torí pé níbi tí ọ̀kan ti yọ, ọgọ́rùn-ún ni ẹnì kan ti dí kó má yọ. Bó bá rí àṣìṣe ìtàn, kó béèrè ìgbésí ayé ta ni wọ́n gé kúrò kí ìtàn lè gún, kó sì lọ ka ti ẹni náà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá béèrè méjèèjì á ṣì máa gbádùn The Sound of Music bíi ti tẹ́lẹ̀, á sì tún mọ Franz Wasner, á mọ Rupert, á mọ̀ pé ọmọbìnrin tó ń jó lálẹ́ òjò yẹn, báńdéèjì ló wé mọ́sẹ̀.